Kí Ẹ Tó Ra Ilẹ̀ Lápá Odò Ouémé

Ojoojúmọ́ ni àwọn èèyàn ń mú ìwé wá bá wa ní ọ́fíìsì wa ní Kétu pé kí á bá wọn gba Titre Foncier (ìwé ẹ̀rí onílẹ̀) sórí ilẹ̀ tí wọ́n rà. Tí a bá débẹ̀, àbàtà ni. Owó ti wọ àpò alágbàtà, alágbàtà ti lọ.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń mú yín lọ wo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹrẹ̀ ti gbẹ tó sì ti sán. Wọ́n á ní odò ti fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ara igi: bí ẹrẹ̀ bá gbẹ mọ́ èèpo rẹ̀ títí dé ibi ìbàdí yín, ibẹ̀ ni omi ń dé. Ẹ bi àwọn apẹja léèrè. Ẹ má fi òjò Kétu díwọ̀n rárá, torí apá Atakora ní àríwá ni omi Ouémé ti ń wá. Òjò lè dá lọ́dọ̀ wa ní oṣù kẹjọ, kí odò ṣì máa kún títí di oṣù kẹwàá.

Òfin ilẹ̀ Benin 2013-01 ka odò, adágún, ọ̀sà àti etí wọn mọ́ ohun ìní ìlú. Ẹnikẹ́ni kò lè tà á. Convention (ìwé àdéhùn ilẹ̀ títà) tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí kò yí ìyẹn padà. Ẹni tó bá ní òun mọ ọ̀gá kan níbí tó máa bá yín ṣe é, irọ́ ló ń pa.

Àbàtà ló ń gba omi dúró, tó ń jẹ́ kó rọra ṣàn láàárín koríko àti igi ògùrọ̀. Bí ẹ bá fi yẹ̀pẹ̀ dí i, àwọn ará Bonou, Adjohoun, Dangbo àti Aguégués ni omi náà máa ya bá, títí dé Kútọnu. Ẹni tó rí ìkún omi 2010 kò ní gbàgbé. Láti ọdún 2000 ni Benin ti fi ìsàlẹ̀ àfonífojì Ouémé sábẹ́ àdéhùn Ramsar tó wà fún ìdáàbòbò àbàtà.

Àwọn kan ń bèèrè bóyá a lè gbin igi ẹ̀gbà (mangrove) sétí odò, irú èyí tí wọ́n ń gbìn padà ní Ouidah àti Grand-Popo. Omi oníyọ̀ ni ẹ̀gbà ń fẹ́; kò lè ṣe dáadáa ní Kétu. Tiwa ni pé kí á má gé igi etí odò, kí á sì jẹ́ kí ògùrọ̀ tún hù.

Bí ẹ bá ti ra àbàtà, ẹ má da yẹ̀pẹ̀ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rà, ẹ wá bi wá kí ẹ tó sanwó. A kò lágbára láti gba owó yín padà lọ́wọ́ alágbàtà.