"Discard" tó wà lára ìgò oògùn: kì í ṣe "pa á tì" o

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Ìkòròdú, l'Ẹ̀pẹ́ àti káàkiri, ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan ṣoṣo la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí: discard.

Tí a bá ra oògùn, nọ́ńbà NAFDAC là á kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ni ọjọ́ tó máa ẹ́sípáyà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ oògùn ọmọdé kan wà tó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú kí a tó fi omi pò ó, irú bíi amoxicillin. Lára ìgò rẹ̀, ẹ máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ wínníwínní pé "Discard after 7 days". Ti òmíràn lè jẹ́ ọjọ́ 10 tàbí 14. Ohun tó ń sọ ni pé láti ọjọ́ tí omi ti kàn án ni kí ẹ máa kà. Tí ọjọ́ yẹn bá ti pé, ẹ da èyí tó kù nù.

Ibẹ̀ gan-an la ti ń ṣì í ṣe. Ara ọmọ yá, ìyá gbé ìgò tó kù sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tó di oṣù kejì, ikọ́ tún dé. Ìyá yẹ ìgò wò, ó rí i pé ọdún tó ń bọ̀ ló máa ẹ́sípáyà, ló bá bu ṣíbí kan fọ́mọ. Ọdún tó rí yẹn, ti lẹ́búlẹ́bú tí a kò tíì pò ni. Bí omi bá ti kàn án, agbára rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Oògùn tí kò lágbára mọ́ lè má pa kòkòrò àìsàn tán, èyí tó ṣẹ́kù sì lè di èyí tí oògùn ò ràn mọ́.

Òmíràn tún ní inú fíríìjì ló gbọ́dọ̀ wà. Pẹ̀lú iná wa tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí, ẹ bi apòògùn kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù bí ẹ ṣe máa tọ́jú rẹ̀.

Oògùn ojú tí à ń kán ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn tí a ṣí i ni. Ẹ fi báírò kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára rẹ̀.

Inú ayò káàdì ni Òyìnbó ti mú ọ̀rọ̀ yìí, ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún: káàdì tí o kò fẹ́ mọ́, o jù ú sílẹ̀, ó tán. Yorùbá tiwa là á sọ́tọ̀: omi là ń dà nù, òkúta là ń jù nù, ohun tí a bá sì pa tì, a ṣì lè padà lọ mú un. Ìgò orí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, a pa á tì ni, a ò tíì discard rẹ̀.

Báwo la ṣe máa dà á nù? Ẹ má dà á sí gọ́tà, ẹ má dà á sínú ọ̀sà. Ẹja ibẹ̀ là ń jẹ. Ẹ pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ tàbí ewé tíì tí ẹ ti lò nínú ọ̀rá, ẹ so ó pinpin, kí ẹ kó o sínú pàǹtí tí PSP ń kó. Ẹ ya ìwé ara ìgò dànù, torí àwọn kan ń ṣa ìgò kiri ààtàn. Tí ó bá jẹ́ abẹ́rẹ́, inú ike líle tó ní ìdérí ni kí ẹ kó o sí, kó má baà gún àwọn tó ń kó pàǹtí lọ́wọ́, kí ẹ sì béèrè ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí bóyá wọ́n á gbà á.