Ẹ̀bù Iṣu Láti Ẹ̀yìnkùlé Wa

Nínú gbogbo ohun tí àgbẹ̀ oníṣu ń náwó lé lórí, ẹ̀bù wà lára èyí tí ó ń gba owó jù. Ẹni tí ó gbin àgbàdo lè fi ìwọ̀nba ṣiri gbin oko ńlá ní ọdún tí ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí oníṣu ì bá jẹ tàbí tí ì bá tà ni ó gbọ́dọ̀ tún rì mọ́lẹ̀. Ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìkórè rẹ̀ tí yóò padà sínú ebè.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí wa. Lọ́dọọdún, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa ń wá yá owó ẹ̀bù. Ẹni tí ó bá ra ẹ̀bù lọ́jà kò mọ oko tí ó ti wá, kò sì mọ àrùn tí ó wà lára rẹ̀. Bí ẹ̀bù bá jẹrà kí òjò tó rọ̀, owó tí a yá kì í bá a jẹrà. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé bí olúkúlùkù ṣe lè máa pèsè ẹ̀bù tirẹ̀ nínú ọgbà kékeré lẹ́yìnkùlé, àti bí a ṣe lè kápá àwọn ìyọnu tí ó sábà máa ń bá irú ọgbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà àtijọ́ àti ọ̀nà tuntun

Àwọn baba wa kò ṣe aláìmọ̀ọ́ṣe. Ní oṣù Keje tàbí oṣù Kẹjọ, wọn a rọra tú ìdí ebè, wọn a gé iṣu kúrò lábẹ́ orí rẹ̀, wọn a sì fi erùpẹ̀ bo orí náà padà. Kí ọdún tó parí, orí yẹn yóò ti ta ọmọ iṣu tí wọn yóò fi ṣe ẹ̀bù. Ẹ má ṣe pa ọ̀nà yìí tì, ṣùgbọ́n ẹ̀bù tí a ń rí níbẹ̀ kì í pọ̀.

Ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí ti ìjọba àpapọ̀ ní Umudike àti ní IITA tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967 bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn, èyí ni gígé iṣu sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀bù tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ a máa tó gíráàmù 250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí kò ju gíráàmù 25 sí 50. Iṣu tí ó wọn kìlógíráàmù kan, tí ì bá fún wa ní ẹ̀bù 4, yóò fún wa ní 20 bí a bá gé e ní gíráàmù 50. Fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, gíráàmù 50 ni ó dára jù. Kí ó tó bí ẹyin adìẹ kékeré.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ẹ ṣa iṣu tí ara rẹ̀ dá ṣáká, tí ó ti sinmi tó, tí orí rẹ̀ sì ti ń fẹ́ hù. Ẹ fi ọ̀bẹ mímọ́ gé e sí òrùka, kí ẹ sì la òrùka kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́. Èèpo gbọ́dọ̀ wà lára gbogbo rẹ̀, nítorí láti ara èèpo ni yóò ti hù. Èyí tí kò bá ní èèpo, inú ìkòkò ni kí ó lọ.

Ẹ yí ojú ibi tí a gé nínú eérú igi, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sí ibòji fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ojú rẹ̀ lè gbẹ. Ẹni tí ó bá lo oògùn dípò eérú gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohun tí a kọ sára rẹ̀. Iṣu tí oògùn bá ti kàn kì í ṣe jíjẹ mọ́, fún ènìyàn tàbí fún ẹran.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tò wọ́n sínú àpótí tàbí agbọ̀n tí ẹ da lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́mìlì sí, kí ẹ sì fi òmíràn bò wọ́n. Ẹ máa wọ́n omi sí i kí ó tutù díẹ̀, kí ó má ṣe rin gbingbin. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin wọn yóò hù.

Nígbà tí òjò bá ti dúró dáadáa, ẹ kọ ebè gígùn tí ó fi mítà kan jìnnà sí ara wọn, kí ẹ sì fi sẹ̀ntímítà 25 sí àárín ẹ̀bù kan àti èkejì. Ilẹ̀ tí ó fẹ̀ ní mítà 5, tí ó gùn ní mítà 5, yóò gba nǹkan bí ẹ̀bù 100. Iṣu kìlógíráàmù 5 péré ni a nílò láti gé e. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ebè, ẹ fi igi tì í, ẹ má sì jẹ́ kí koríko borí rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.

Àwọn ìyọnu tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀

Jíjẹrà nínú àpótí. Omi àpọ̀jù ni ó sábà máa ń fà á, tàbí ọ̀bẹ tí ó ti gé iṣu jíjẹrà. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì yọ èyí tí ó bá rọ̀ dànù.

Awọ tí ó là, tàbí kókó lára iṣu. Aran inú ilẹ̀ tí ojú wa kò lè rí ni ó ń fà á, ẹ̀bù ni ó sì máa ń gbé e láti oko kan dé òmíràn. Iṣu tí a bá gé tí a rí dúdú lábẹ́ èèpo rẹ̀ kò yẹ fún ẹ̀bù. Ẹ má ṣe gbin iṣu sí ojú kan náà lọ́dún méjì léraléra, ẹ má sì gbìn ín sí ibi tí ilá tàbí tòmátì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò, nítorí aran tí ń fa kókó fẹ́ràn àwọn náà púpọ̀.

Ewé tí ó kájọ tàbí tí ó ní àmì ràndànràndàn. Ẹ fi okùn sàmì sí ìdí rẹ̀. Ẹ lè jẹ iṣu rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ṣe ẹ̀bù, nítorí àrùn náà yóò bá ọmọ rẹ̀ lọ.

Ohun funfun bí ìyẹ̀fun lára iṣu nínú àká. Kòkòrò ni. Ẹ ya èyí tí ó wà lára rẹ̀ sọ́tọ̀ kíákíá kí ó má baà ran ìyókù.

Ìkán, adìẹ àti ewúrẹ́. Ẹ má ṣe ri igi tí kò tíì jẹrà tán mọ́ inú ebè, nítorí oúnjẹ ìkán ni. Ní ti adìẹ àti ewúrẹ́, ọgbà tí a kò bá sọ yíká, tiwọn ni.

Ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀

A kò ní tan ara wa jẹ. Ní ọdún àkọ́kọ́, ọ̀nà yìí kì í fúnni ní iṣu tí a lè fi gúnyán fún àlejò. Ẹ̀bù ni a ń wá. Gbogbo rẹ̀ kò sì ní hù. Nígbà tí ewé bá gbẹ ní ìparí ọdún, a ó wa ọmọ iṣu, òmíràn bí ẹ̀kúnwọ́ kan, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Odidi ni a ó gbin àwọn wọ̀nyí ní ọdún kejì, ìgbà náà sì ni iṣu ńlá yóò ta. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi gbogbo oko yín dán an wò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún kan lẹ́yìnkùlé, kí ẹ sì máa gbin oko yín bí ẹ ti ń gbìn ín tẹ́lẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹgbẹ́ tí ó bá ní ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá tí wọ́n ṣe ọgbà yìí lè ra iṣu tí ara rẹ̀ dá pọ̀, kí wọ́n fi ọjọ́ kan ṣoṣo gé e, kí wọ́n sì jọ yẹ ọgbà ara wọn wò. Kí akọ̀wé kọ iye tí olúkúlùkù gbìn, iye tí ó hù àti iye tí ó wà sílẹ̀. Ní ọdún tí ó bá tẹ̀ lé e, kí ẹnikẹ́ni tó tọwọ́ bọ̀wé láti yá owó ẹ̀bù, a ó ti mọ iye tí ó kù fún un láti rà.