Ohun Tí Eku Kọ́ Àwọn Dókítà Nípa Ọkọ Tí Kò Rí Ọmọ Bí



Ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ wa níhìn-ín, bí aya bá pẹ́ kó tó lóyún, òun nìkan ni wọ́n ń fún ní àgbo àti hàntú mu. Ọkọ kì í lọ síbì kankan, àfi kó fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó yẹ àtọ̀ bàbá wò?

Ohun tíntìntín tó ní ìrù bí légbélègbé ló wà nínú àtọ̀, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló sì ń wọ inú ẹyin obìnrin. Ti ọkùnrin mìíràn kéré, tàbí kò lágbára láti rìn dé ibẹ̀. Ní ọdún 1976, ní Hawaii, Uehara àti Yanagimachi, àwọn ọmọ ilẹ̀ Jàpáànù, fi abẹ́rẹ́ dígí tín-ín-rín fi irú èyí sínú ẹyin eku kan tí à ń pè ní hamster, ẹyin náà sì gbà á. Ní ọdún 1992, Palermo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brussels kéde pé wọ́n ti ti ara abẹ́rẹ́ báyìí rí ọmọ ènìyàn. Ti eku ilé ló wá le jù! Bí wọ́n bá ti gún ẹyin rẹ̀, ńṣe ló ń bẹ́ bí ọ̀rá omi. Ọdún 1995 ni Kimura àti Yanagimachi tó lo abẹ́rẹ́ tí ń gbọ̀n rìrì, tí eku sì fi bímọ.

Ní Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Giwa-Osagie àti Ashiru ti rí oyún inú àwo ní ilé ìwòsàn Ìdí-Àràbà, l'Ékòó, ní 1984. Wọ́n rí ọmọ ní 1989. Tiwọn kì í ṣe ti abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ilé ìwòsàn wa ń ṣe ti abẹ́rẹ́ náà nísinsìnyí. Owó rẹ̀ pọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń bọ́ sí i.

Ṣé ẹ̀sìn gbà á? Ní 1980, Ṣéù Jad al-Haqq, Mùfútì àgbà ilẹ̀ Íjíbítì, fọwọ́ sí oyún inú àwo, bí àtọ̀ bá jẹ́ ti ọkọ, tí ẹyin jẹ́ ti aya, tí yìgì wọn sì wà síbẹ̀. Àtọ̀ ọkùnrin mìíràn, èèwọ̀ ni. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ rí i pé wọ́n kọ orúkọ ọkọ yín sára ike náà.

Àyẹ̀wò àtọ̀ kò le. Ọkọ kò ní súnmọ́ aya fún ọjọ́ 2 sí 7, yóò gba àtọ̀ sínú ike mímọ́, wọn yóò sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má tíì ránṣẹ́ sílé àna tuntun kí èsì yìí tó jáde.