Ladybird, kòkòrò tó ń ṣọ́ oko ewé màlúù

Alfálfà ni ewé tí àwọn àgbẹ̀ Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà ń gbìn, tí wọ́n ń gé, tí wọ́n sì ń sá gbẹ fún màlúù. Ọ̀tá ewé náà ni áfíìdì, kòkòrò wínníwínní tó máa ń ki ẹnu bọ ewé, tí yóò sì máa fa omi inú rẹ̀ mu. Omi dídùn tó ń ti ìdí rẹ̀ jáde a máa lẹ̀ mọ́ ewé, ebu dúdú a sì hù lé e lórí. Abo áfíìdì kì í dúró de akọ kó tó bímọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tètè ń bo oko.

Ladybird ló ń jẹ áfíìdì. Kòkòrò yìí kéré ju èékánná lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, ó pọ́n bí epo, ó sì ní àmì tótòtó dúdú. Abẹ́ ewé tí áfíìdì pọ̀ sí ló ń yé sí, ẹyin rẹ̀ a sì wà ní ìnàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọmọ tó bá pa kò jọ ìyá rẹ̀: ó dúdú, ó rí gbọọrọ bí ọ̀nì tíńtín, ó sì lè jẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún áfíìdì kó tó dàgbà.

Ní 1954, áfíìdì àjèjì kan ya wọ oko alfálfà ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Oògùn apakòkòrò ni àwọn àgbẹ̀ sáré fín. Oògùn pa ladybird. Nígbà tó yá, kò ran áfíìdì mọ́. Ní 1959, Vernon Stern, Ray Smith, Robert van den Bosch àti Kenneth Hagen ti Yunifásítì Kalifọ́níà gba àwọn àgbẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n má fín oògùn àfi bí àdánù bá fẹ́ ju owó oògùn lọ, kí wọ́n sì lo èyí tó máa dá ọ̀tá áfíìdì sí.

Ríra ladybird dà sóko kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Orí òkè Sierra Nevada ní Kalifọ́níà, níbi tí ladybird ń wọ́ jọ sí, ni àwọn èèyàn ti ń kó wọn tà. Bí wọ́n bá tú wọn sílẹ̀, púpọ̀ á fò lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tó ti wà lóko tẹ́lẹ̀ ló yẹ kí àgbẹ̀ tọ́jú. Àgbẹ̀ á fi àwọ̀n gbá orí ewé tó wà ní ìdúró, á sì ka ohun tó kó. Bí ladybird àgbà 1 bá wà fún áfíìdì 5 sí 10, tàbí ọmọ rẹ̀ 3 fún áfíìdì 40, kò ní fín oògùn. Lọ́jọ́ ìgéwé, ó lè fi ọ̀wọ́ kan sílẹ̀ láìgé, kí ladybird ríbi sá sí, kó sì ti ibẹ̀ padà sórí ewé tuntun.