Líìgì Àwọn Obìnrin: Ọ̀jáfáfá Kì Í Pẹ́ Nílé

Ọdún 1990 ni líìgì bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, gbá bọ́ọ̀lù fún FC Robo l'Ékòó kí ó tó lọ sí Rivers Angels ní Port Harcourt. Inú líìgì yìí ni ó ṣì wà ní 2014 tí ó fi gba ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tí ó pegedé jù lọ, àti ti ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù lọ, nínú ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní Kánádà. Ní 2015, Liverpool mú un lọ. Rasheedat Ajibade, ọmọ FC Robo bákan náà, gba Norway lọ.

Ta ni yóò bá wọn wí? Owó ilé kò tó ti òkèèrè. Ṣùgbọ́n orí tẹlifíṣọ̀n ni àwọn ọmọbìnrin Ìkòròdú ti ń wo ẹni tí wọn ìbá máa fojú rí ní pápá.