Dùùrù Onípáìpù: Ta Ni Yóò Máa Tún Un Ṣe?

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Lálúpọn, Mọ́níyà àti Ẹgbẹ́dá, kíbọ́ọ̀dù ni à ń bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn akọrin. N kò bú u: ó fúyẹ́, ọ̀kadà kan ṣoṣo gbé e dé abúlé. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ dùùrù onípáìpù gidi lè dé Kàtídírà Christ ní Màrínà, l'Ékòó, níbi tí Ẹkúndayọ̀ Phillips ti jẹ́ ọ́gáànísì láti 1914 di 1962. Lábẹ́ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé, tí wọ́n bí ní 1905, ti kọrin lọ́mọdé.

Gbogbo ayé ló mọ ọ́gáànísì. Ta ló mọ ẹni tó ń tún dùùrù ṣe?

Ẹ̀rọ kan ló ń fẹ́ atẹ́gùn sínú àpótí ńlá inú dùùrù náà. Bí ọ́gáànísì bá tẹ bọ́tìnnì, ihò á ṣí lábẹ́ páìpù, páìpù á fọhùn. Ohùn kan péré ni páìpù kọ̀ọ̀kan ní, ìdí nìyẹn tí dùùrù ńlá fi ń ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Òmíràn kò gùn tó ìka ọwọ́, òmíràn sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 16. Òjé àti tánganran ni wọ́n fi rọ àwọn kan; igi ni ti àwọn yòókù. Awọ àgùntàn ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn jò. Ọyẹ́ á dé, awọ á gbẹ, á sán. Òjò á dé, igi á wú. Eku náà kì í kọ awọ. Iná ọba tó ń ṣe ségesège sì lè jó mọ́tò tó ń fẹ́ atẹ́gùn.

Bí wọ́n bá fẹ́ tún un ṣe, wọ́n á yọ páìpù lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi nọ́ńbà sí i, wọ́n á gbọn eruku rẹ̀, wọ́n á na ibi tó tẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ awọ àti wáyà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá tò ó padà ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ le. Inú ṣọ́ọ̀ṣì náà ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ tún ohùn rẹ̀ ṣe, nítorí ooru a máa gbé ohùn páìpù sókè: ohun tó ṣe rẹ́gí láàárọ̀ lè yapa lọ́sàn-án gangan. Ẹnì kan á máa tẹ̀ ẹ́, ẹnì kejì á wà lórí àkàbà láàárín páìpù.

Bí àlejò òkè òkun nìkan bá mọ iṣẹ́ yìí, owó tí ìjọ ná yóò jẹrà láàárín ọdún díẹ̀. Ọmọ tó ń ṣe káfíńtà ní Lálúpọn àti èyí tó ń fa wáyà ní Mọ́níyà ti mọ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọ, kí ẹ tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àtúnṣe dùùrù, ẹ kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé oníṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kọ́ ọ̀dọ́ méjì níṣẹ́.