Láti Àbújá Wọ Aṣálẹ̀: Ọ̀nà Tí Omi Ti Ṣáájú Epo

Ẹni tí ó bá dúró ní Zuba, lẹ́nu ọ̀nà Àbújá, ní kùtùkùtù òwúrọ̀, yóò rí i bí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń kọrí sí ìhà àríwá lọ́wọ̀ọ́wọ́. Kàdúná ni òmíràn ń lọ, òmíràn Kánò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀nà náà kò parí sí Kánò. Bí a bá ń bá a lọ, a ó gba Kongolam wọ ilẹ̀ Niger, a ó kọjá Zinder, a ó dé Agadez àti Arlit, a ó sì la Aṣálẹ̀ Sàhárà já títí dé Algiers létí òkun. Láti Èkó dé ibẹ̀ tó bí 4,500 kìlómítà. Láti ọdún 1966 ni ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ọ̀nà náà ti wà.

Ìhà ti ilẹ̀ wa ti ní ọ̀dà lójú láti ọjọ́ pípẹ́. (Èyí kò sọ pé ó rọrùn: ẹni tí ó ń rin ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí mọ ohun tí ojú arìnrìn-àjò rí lọ́wọ́ àwọn ajínigbé.) Ní ọdún 1978, ọ̀dà ti Àlgéríà dé Tamanrasset láti òkè wá. Àárín ni ọ̀rọ̀ wà, pàápàá bí 200 kìlómítà tí ó ti Arlit lọ sí Assamaka ní ẹnu ibodè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú ipa táyà lásán ni ọ̀nà níbẹ̀.

Lóòótọ́, ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ọ̀nà pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Awakọ̀ kọ̀ọ̀kan a yà sí apá ibi tí ó rò pé ilẹ̀ ti le, ipa táyà a sì fọ́n káàkiri bí ojú ẹsẹ̀ adìẹ nínú àgbàlá. Òpó àti àgbá irin tí a rì mọ́lẹ̀ ni a fi ń mọ̀nà. Bí ìjì iyanrìn bá dé, ọlọ́gbọ́n a dúró, nítorí ẹni tí ó bá sọ òpó nù ti sọ ọ̀nà nù.

Wíwa ọkọ̀ nínú iyanrìn kò jọ wíwà á ní òpópó Àbújá. Awakọ̀ a kọ́kọ́ dín afẹ́fẹ́ inú táyà kù, kí táyà lè tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ó má baà rì. Bí ó bá padà dé ilẹ̀ líle, a tún fẹ́ ẹ. Bí ọkọ̀ bá rì, títẹ iná mọ́ ọn kò ṣàǹfààní: ńṣe ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò máa gbẹ́ ihò tirẹ̀ jìn sí i. Ṣọ́bìrì ni a ó fi wa iyanrìn kúrò, a ó sì ti irin pẹlẹbẹ bọ abẹ́ táyà. Ibòmíràn wà tí ilẹ̀ rí bí páànù ìbolé. Ẹni tí ó bá rọra wà níbẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ a máa gbọ̀n bí ẹni pé yóò tú. Ẹni tí ó bá sáré, táyà a máa fò láti orí dé orí, ṣùgbọ́n kò ní lè dúró lójijì. Ọ̀sán gangan léwu pẹ̀lú, nítorí òjìji kò sí, ojú kò sì lè mọ òkìtì yàtọ̀ sí kòtò.

Ní Ténéré, lápá ìlà-oòrùn Agadez, igi kan ṣoṣo wà tí àwọn oníràkúnmí fi ń mọ̀nà. Nígbà tí a gbẹ́ kànga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ ti lọ ju 30 mítà nísàlẹ̀ kí ó tó kan omi. Ní ọdún 1973, ọkọ̀ akẹ́rù kan kọlù ú, igi sì wó. Nínú gbogbo ilẹ̀ tí ó tẹ́ lọ rẹrẹ yẹn, igi kan náà ni awakọ̀ rí kọlù! Òkú igi náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Niamey.

Ṣùgbọ́n omi ni olórí gbogbo rẹ̀. Lítà 5 kò pọ̀ jù fún ènìyàn kan lóòjọ́, bí ọkọ̀ bá sì bàjẹ́, ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ sílẹ̀ láti wá omi kiri kì í sábà padà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, a rí òkú ènìyàn 92 ní ìhà àríwá Arlit: ọmọdé 52, obìnrin 33, ọkùnrin 7. Ẹkùn Zinder, ilẹ̀ tí ó bá wa pààlà, ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Àlgéríà ni wọ́n ń lọ. Ọkọ̀ ló bàjẹ́, òùngbẹ ló pa wọ́n.

Ní ọdún 2015, ìjọba Niger ṣe òfin tí ó fi ẹ̀wọ̀n de àwọn tí ń fi owó kó èrò kọjá ibodè lọ́nà àìtọ́, nínú èyí tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí. Èrò òfin náà dára, ṣùgbọ́n ohun tí ó bí kò dára: àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yẹra fún ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn mọ̀, nítorí ibi tí kànga wà ni àwọn ológun ń ṣọ́. Bí wọ́n bá sì rí iná ọkọ̀ ológun lọ́ọ̀ọ́kán, òmíràn a já èrò sílẹ̀, a sì sá lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013 àti lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ènìyàn ti mọ ohun tí àìsí omi lè ṣe. Síbẹ̀, kànga gan-an ni òfin lé ọkọ̀ kúrò lẹ́bàá rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023 ni ìjọba ológun Niger fagi lé òfin náà.

Láti ìgbà náà ni àwọn awakọ̀ Agadez ti padà ń kó èrò ní gbangba. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni èrò ń jókòó sí, wọ́n a máa di igi tí a so mọ́ ẹrù mú kí wọ́n má baà já bọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni kẹ́ẹ̀gì omi ń rọ̀ sí, tí a fi àpò wé kí omi lè tutù, tí a sì kọ orúkọ olómi sí lára.